Orúkọ Ara Àpótí àti Ohùn Inú Òkúta: Bí A Ṣe Ń Wọn Òkúta Kúọ́tíìsì Àtijọ́ ti Ẹ̀rọ Rédíò



1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu máa ya àwọn kan nínú yín pé èmi tí ẹ mọ̀ mọ ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn ni mo dúró níwájú yín lónìí láti sọ̀rọ̀ lórí òkúta tí à ń fi sínú ẹ̀rọ rédíò. Ẹ má ṣe rò pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan ni ó bá mi nílé, mo sì wá ẹni tí yóò là mí lọ́yẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Àbúrò bàbá mi kan lọ kàwé ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1970. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún rédíò ṣe sí Ìbàdàn, àwa ọmọdé inú ilé sì sọ ọ́ ní Bàbá Rédíò. Nígbà tí ó papòdà, a bá agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àpótí dúdú kéékèèké mẹ́tàlélógún ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹsẹ̀ irin méjì, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ara wọn. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Bàbá Rédíò kò jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan agolo yìí nígbà ayé rẹ̀. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé, òkúta wọ̀nyí nìkan ni kì í purọ́.

Àwọn ọmọ rẹ̀ pe ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ rédíò kí ó wá yẹ̀ wọ́n wò. Ọkùnrin náà kì wọ́n bọ inú ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní mẹ́sàn-án nìkan ni ó wà láàyè, pé mẹ́rìnlá ti kú. Ó tún fi méjì hàn wá tí a kọ 27.0 sí lára, ó ní kò sí èyí tí ó fọhùn ní 27.0 nínú wọn, nítorí náà ayédèrú ni wọ́n. Kí a tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé bóyá ṣe ni wọ́n lu Bàbá Rédíò ní jìbìtì ní òkè òkun. Àwọn mìíràn ní bóyá òun gan-an ni ó ń fi agolo yẹn ṣe fọ́rífọ́rí. Wọ́n fẹ́ dà wọ́n nù. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní agolo náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ gbà láti bá mi wọ̀n wọ́n.

2. Irú òkúta wo ni?

Kúọ́tíìsì kò jìnnà sí wa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn funfun etí odò, òun náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń fi sínú rédíò jẹ́ odindi òkúta mímọ́ gaara, tí a fi ayùn rẹ́ ní pẹlẹbẹ. Ní ọdún 1880, àwọn arákùnrin méjì ará Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ṣàkíyèsí pé bí a bá tẹ irú òkúta báyìí, iná mànàmáná yóò yọ ní ojú rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́: bí a bá fi iná mànàmáná kan òkúta náà, yóò ṣún kì tàbí kí ó nà díẹ̀. Èyí ni pé òkúta yìí gbọ́ èdè méjì, èdè ara àti èdè iná, ó sì ń túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì.

Bí a bá wá ń fún un ní iná tí ń lọ tí ń bọ̀, òkúta náà yóò máa gbọ̀n. Iye ìgbà tí ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni n ó máa pè ní iye-ìgbọ̀n. Hẹ́ẹ̀tìsì ni a fi ń kà á. Iye-ìgbọ̀n kan wà tí ó jẹ́ ti òkúta kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ta á ní iye náà, yóò gbọ̀n gidigidi. Bí a bá kọjá rẹ̀ díẹ̀, yóò dákẹ́. Èyí ni n ó máa pè ní ohùn àbínibí òkúta. Ẹni tí ó bá ti ti ọmọ lórí jangírọ́fà rí mọ ohun tí mo ń wí: bí ẹ bá ń tì í ní àkókò tí ó yẹ, ìwọ̀nba agbára díẹ̀ yóò gbé ọmọ náà lọ sókè, bí ẹ bá ń tì í ní àkókò tí kò yẹ, ẹ óò kàn máa ṣe làálàá lásán ni.

Ní ọdún 1921 ni Walter Cady, olùkọ́ ní Wesleyan University ní Amẹ́ríkà, fi òkúta kúọ́tíìsì ṣe olùdarí ẹ̀rọ tí ń pèsè ìgbì rédíò, kí ohùn ẹ̀rọ náà má baà máa yẹ̀. Ní 1927, Warren Marrison àti J. W. Horton ti Bell Telephone Laboratories fi í ṣe aago. Ní 1934, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ṣe ìgé tí a ń pè ní AT. Bí a bá gé òkúta ní igun yìí, ooru àti òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ohùn rẹ̀ padà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn ọmọ ogun fẹ́ kí ọkọ̀ ogun lè bá ọkọ̀ ogun sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnì kan ń yí bọ́tìnnì kiri láti wá ohùn. Amẹ́ríkà sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù òkúta báyìí. Láti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń wa kúọ́tíìsì tí wọ́n lò jù lọ, nítorí pé ní ìgbà náà a kò tíì lè gbin òkúta náà ní ilé-iṣẹ́ bí a ti ń gbìn ín lónìí. Lẹ́yìn ogun, ìjọba tà èyí tí ó ṣẹ́kù ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, àwọn tí ń fi rédíò ṣe eré ìdárayá sì rà wọ́n bí ẹni ra gúgúrú. Ibẹ̀ ni Bàbá Rédíò ti rí tirẹ̀.

3. Ohun mẹ́rin tí à ń wọ̀n

Bí dókítà bá fẹ́ mọ bí ara wa ti rí, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni yóò wò. Ohun mẹ́rin ni à ń wọ̀n lára òkúta rédíò. Mo wo ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984. Ìmọ̀ èdè, lítírésọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé, nítorí náà kò lè ràn mí lọ́wọ́ níbí. Mo ní láti fúnra mi wá orúkọ fún wọn, kí ẹ sì bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Èkíní ni ìwúwo ìgbọ̀n. Ara òkúta náà ní ìwúwo, ohun wíwúwo kì í sì í tètè gbéra, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dúró. Ní ojú iná mànàmáná, ó máa ń ṣe bí kọ́ìlì wáyà. Hẹ́nrì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, a ó sì fi L dúró fún un. Èkejì ni ìrọ̀ ìgbọ̀n. Bí òkúta náà ṣe rọ̀ tó láti tẹ̀ ni èyí ń sọ. Ó ń ṣe bí kàpásítọ̀ tí ó kéré gidigidi. Fárádì ni a fi ń wọ̀n ọ́n, C ni a ó máa pè é. Ìwúwo àti ìrọ̀ yìí ni wọ́n jọ ń pinnu ohùn àbínibí. Ẹ̀kẹta ni ìdènà ìgbọ̀n, R, tí a ń fi óòmù wọ̀n. Ohun tí ń jẹ agbára òkúta náà ni: ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́, irin tí ó dì í mú. Bí R bá kéré, ara òkúta yá gágá. Bí ó bá pọ̀ jù, òkúta náà yóò ṣòro ta.

Ẹ̀kẹrin yàtọ̀ sí mẹ́ta ìṣáájú. Irin pẹlẹbẹ méjì ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Irin méjì tí ó bá dojú kọ ara wọn báyìí jẹ́ kàpásítọ̀ fúnra wọn, kódà bí òkúta àárín wọn kò bá gbọ̀n rárá. Mo pe èyí ní ìgbàmọ́ra àpótí, C₀. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí fún wa ní iwájú.

Ohun kan kù tí a ń rí láti inú àwọn wọ̀nyí. Bí a bá lu páálí lẹ́ẹ̀kan, ó dún pà, ó parí. Bí a bá lu agogo, yóò máa hó lọ títí. Àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà Q sọ bí ohun kan ṣe ń pẹ́ dún tó. Ti kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ inú rédíò kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ti òkúta kúọ́tíìsì ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi dúró ṣinṣin, ìdí náà sì nìyí tí ó fi ṣòro wọ̀n: ohùn tí ó ṣinṣin gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín bí irun, a lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀.

4. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ohun èlò tí ọ̀rẹ́ mi tò sórí tábìlì kò pọ̀: ẹ̀rọ tí ń pèsè iná ní iye-ìgbọ̀n tí a bá fẹ́, ẹ̀rọ tí ń ka fọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tí ń ka iye-ìgbọ̀n, àti èyí tí ń wọn kàpásítọ̀. Ó ti kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n mìíràn tí ó dájú yẹ ẹ̀rọ iye-ìgbọ̀n wò, nítorí pé ẹni tí òṣùwọ̀n tirẹ̀ kò pé kò lè pe òkúta ní elékèé.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ C₀, èyí tí ó rọrùn jù. A ń wọ̀n ọ́n ní iye-ìgbọ̀n tí ó rẹlẹ̀, tí ó jìnnà sí ohùn àbínibí, kí òkúta náà má baà dá sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó fi òkúta sí àárín ọ̀nà iná. Ó fi ìdènà kéékèèké yí i ká, tí ó fi jẹ́ pé óòmù 12.5 ni òkúta ń rí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wá ń yí iye-ìgbọ̀n sókè díẹ̀díẹ̀. Fọ́ọ̀tì tí ń jáde kéré títí, lójijì ó gòkè fìrí. Ibi tí ó ga jù ni ohùn àbínibí. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó tún kọ fọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó wá yọ òkúta kúrò, ó ń fi ìdènà lásán dípò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí fọ́ọ̀tì fi bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Iye óòmù ìdènà náà ni R òkúta. Ẹ rí i pé kò sí idán kankan níbẹ̀: bí ẹni fi ọkà sí ẹ̀gbẹ́ kan òṣùwọ̀n, tí ó ń fi irin sí ẹ̀gbẹ́ kejì títí méjèèjì fi dọ́gba.

Ìrọ̀ C ni ó gba ọgbọ́n. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹ̀rọ orí tábìlì wa tí ó lè kà á ní tààrà. Ọ̀nà tí a gbà ni láti fi kàpásítọ̀ kan tí a mọ iye rẹ̀ tẹ̀ lé òkúta, kí a sì wo bí ohùn rẹ̀ yóò ti gòkè tó. Bí a bá pe kàpásítọ̀ yìí ní Cₖ, ìṣirò rẹ̀ ni èyí:

C = 2 × (C₀ + Cₖ) × (ìyàtọ̀ ohùn ÷ ohùn àbínibí)

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ká gbà pé òkúta kan ń dún ní hẹ́ẹ̀tìsì 5,000,000, pé C₀ rẹ̀ jẹ́ píkófárádì 6, pé R rẹ̀ jẹ́ óòmù 40. A fi kàpásítọ̀ píkófárádì 30 tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ sì gòkè ní hẹ́ẹ̀tìsì 1,000. Àròpọ̀ 6 àti 30 jẹ́ 36, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 72. Bí a bá pín 1,000 sí ọ̀nà 5,000,000, a óò ní 0.0002. Nítorí náà C jẹ́ píkófárádì 0.0144. Nígbà tí a ti mọ C àti ohùn àbínibí, L kò lè sá pamọ́ mọ́: ó jẹ́ nǹkan bí hẹ́nrì 0.0704. Láti ara L àti R ni a ti ń rí Q, ó sì jẹ́ nǹkan bí 55,000.

Ọ̀rẹ́ mi kò gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní kí a tún wo ìbú ohùn náà: ibi tí fọ́ọ̀tì ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá ìsàlẹ̀, àti ibi tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá òkè. Nínú àpẹẹrẹ wa, R òkúta jẹ́ 40, ìdènà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ 25, àpapọ̀ wọn jẹ́ 65. Pẹ̀lú L tí a ti rí, ìbú ohùn gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí hẹ́ẹ̀tìsì 147. Bí a bá rí iye yìí lójú ẹ̀rọ, ẹlẹ́rìí méjì ti fohùn ṣọ̀kan. Bí a kò bá rí i, a ti ṣe àṣìṣe níbì kan, kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí 147 yẹn. Nínú mílíọ̀nù márùn-ún, ọ̀nà tí ohùn náà ń gbà kọjá kò tó igba hẹ́ẹ̀tìsì. Ẹni tí ó bá ń fi ẹgbẹ̀rún kan hẹ́ẹ̀tìsì fò lẹ́ẹ̀kan náà yóò fo òkúta náà kọjá, yóò sì wí fún ẹbí pé ó ti kú.

5. Ohun tí ọjọ́ ń ṣe sí òkúta

Nínú mẹ́rìnlá tí wọ́n pè ní òkú, mẹ́jọ jẹ́ irú tí a ń pè ní FT-243. Nínú irú èyí, kò sí ohun tí ó lẹ òkúta mọ́ irin. Irin pẹlẹbẹ méjì ni ó há a mọ́ àárín, tí sípíríǹgì sì ń tì wọ́n. A lè tú sùkúrù rẹ̀ kí a rí òkúta náà ní ojúkojú.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni wọ́n fi kó bá a. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun líle lọ̀ ọ́ títí yóò fi tín-ín-rín tó bí wọ́n ti ń fẹ́. Òkúta AT tí ń dún ní mílíọ̀nù márùn-ún kò nípọn ju ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ. Ìlọ̀ yìí fi ojú òkúta sílẹ̀ ní gbígbó, ẹ̀rúnrún wẹ́wẹ́ tí ó ti sán kò sì já kúrò tán. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ẹ̀rúnrún náà ń tú, ọ̀rinrin ń wọlé, ohùn òkúta ń yí padà, R rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìṣòro yìí dẹ́rù ba àwọn ológun Amẹ́ríkà ní 1943, nítorí òkúta tí ó dára nígbà tí ó kúrò ní ilé-iṣẹ́ ń kú sínú àpótí kí ó tó dé ojú ogun. Ìwòsàn tí wọ́n rí ni láti fi ásíìdì jẹ ojú tí ó gbó yẹn kúrò, kí ó ku òkúta líle nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wọn òkúta ayé ogun gbọ́dọ̀ rántí pé ohùn rẹ̀ lè ti ga ju nọ́ńbà ara àpótí lọ díẹ̀. Òkúta tí ó bá fúyẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ á lọ sókè.

Ohun mìíràn wà tí ó yà mí lẹ́nu. Òkúta ìdọ̀tí a máa sùn. Bí a bá fi iná díẹ̀ ta á, R rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí a bá fi iná tí ó lágbára jí i, R rẹ̀ yóò wálẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n iná tí a lò sílẹ̀ pẹ̀lú R, tí a kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí da iná bo òkúta, nítorí ìgbọ̀n àpọ̀jù lè fọ́ ọ.

A tú àwọn mẹ́jẹẹ̀jọ. Ọ̀rẹ́ mi fi ọṣẹ àti omi fọ̀ wọ́n, ó sì fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n. Ó ń di ẹ̀gbẹ́ òkúta mú, kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀, nítorí pé òróró ọwọ́ nìkan tó láti pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n fọ ọ̀kan. Mo mú aṣọ, mo nù ún bí ẹni nu abọ́. Mo gbọ́ kẹ́kẹ́ kékeré kan, igun òkúta náà sì ti já sí mi lọ́wọ́. Òun kò fọhùn mọ́ títí di òní. Nínú méje tí ó kù, márùn-ún jí. Méjì kò dáhùn, bí a ti wù kí a ṣe wọ́n.

6. Orúkọ ara àpótí

Mẹ́fà ni ó kù, àwọn méjì tí wọ́n kọ 27.0 sí lára sì wà nínú wọn. Irú FT-241 ni wọ́n. Ní tiwọn, fàdákà ni wọ́n fi pa òkúta lójú, wáyà tín-ín-rín ni ó sì gbé e ró. A wọn C₀ wọn. Márùn-ún sún mọ́ ara wọn, ti ẹ̀kẹfà kéré jìnnà sí tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi ní wáyà ti ẹ̀kẹfà ni ó já, pé òkúta rẹ̀ kò kan iná mọ́. A tú u wò, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ rí iṣẹ́ tí ẹlẹ́rìí wa ṣe: a mọ ohun tí ó pa òkúta kí a tó ṣí àpótí.

A wá ń wá ohùn àwọn márùn-ún tí ó kù. Ní 27.0 mílíọ̀nù, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀rẹ́ mi wá ka ìlà kejì ara àpótí. Lórí ọ̀kan, nọ́ńbà ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni 70. Lórí èkejì, 270 ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá, ó ń rìn ín bí alágẹmọ. Bí Q òkúta bá jẹ́ 25,000, ìbú ohùn rẹ̀ ní ibi tí à ń lọ kò lè ju hẹ́ẹ̀tìsì 20 lọ, nítorí náà kò sí pé à ń kánjú. Ní tòsí 500,000, òkúta ọ̀nà 70 fọhùn. A fi èkejì sí i. Ní tòsí 375,000, òkúta ọ̀nà 270 fọhùn.

Kí ni ó fa èyí? Rédíò ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí a ń pè ní SCR-508 máa ń gba ohùn òkúta, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 54 kí ó tó gbé e jáde. Ìlọ́po 54 ti 500,000 ni 27,000,000. Rédíò àwọn oníbọn ńlá, SCR-608, ìlọ́po 72 ni ó ń ṣe. Ìlọ́po 72 ti 375,000, 27,000,000 kan náà ni. Nítorí náà òkúta méjì tí ohùn wọn yàtọ̀ síra ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí òkúta kọ̀ọ̀kan yóò gbé ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ ní 27.0. Ẹni tí ó yẹ̀ wọ́n wò kò mọ ilé náà. Ó fi orúkọ wá ohùn, kò rí i, ó sì pe ọmọ ní àlè.

N kò dá ọkùnrin náà lẹ́bi púpọ̀. Òkúta tí ń dún ní mílíọ̀nù ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ fún, kò sì lè ta èyí tí ohùn rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi dá a lẹ́bi ni pé ó sọ pé òkúta kú, nígbà tí ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni pé ẹ̀rọ òun kò gbọ́ nǹkan kan. Àárín gbólóhùn méjèèjì jìn. Àwa tí à ń ka ìwé àtijọ́ náà ń jẹ̀bi rẹ̀. Bí ewì kan kò bá dún ní etí wa, a máa ń yára sọ pé akéwì náà kò mọ̀ ọ́n kọ, láìkọ́kọ́ bèèrè irú ìlù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ àti irú agbo tí wọ́n ti ń kọ ọ́.

7. Ìgúnlẹ̀

Ìṣirò ìkẹyìn nìyí. Nínú òkúta mẹ́tàlélógún, mẹ́sàn-án ti wà láàyè tẹ́lẹ̀, a sì tún rí mẹ́wàá mìíràn. Mẹ́rin kò jí, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí sì wà lọ́rùn mi. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ Bàbá Rédíò.

A kọ ìwé pélébé fún òkúta kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ara àpótí wà ní òkè rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn àbínibí, R, C, L, C₀, ìwọ̀n iná tí a lò, bí yàrá ṣe gbóná tó, àti ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n. Mo rọ ẹnikẹ́ni tí irú òkúta yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má ṣe fi ọjọ́ àti ooru yàrá sílẹ̀ láìkọ. Ohùn òkúta ń yí padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọdún, ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wa kò sì ní mọ bí ó ti yí padà tó bí a kò bá sọ ibi tí a bá a fún un.

Èdè Yorùbá ni a fi kọ ìwé pélébé náà. Ìwúwo, ìrọ̀, ìdènà, ìgbàmọ́ra: bóyá ẹ̀yin onímọ̀ èdè yóò rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, n ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo gbé agolo náà padà lọ sílé, ọmọ àgbà Bàbá Rédíò jókòó, ó ka ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìbèèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó dé orí àwọn méjì tí ń jẹ́ 27.0, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ti agolo náà, ó gbé e padà sí abẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀, ó ní kí ọmọdé kankan má ṣe fọwọ́ kàn án.